Ó Ṣojú Mi Kòró: Kí Ni Ìwádìí Sọ Gan-an Nípa Ìrántí Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora ló ń lọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìrántí. Àwọn kan ní àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìrántí ọmọ èèyàn kò ṣeé gbára lé rárá, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè gbin ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí sí ọ lọ́kàn, kí ìwọ fúnra rẹ sì máa búra lé e lórí. Àwọn mìíràn ní ìwádìí tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn kà ti wó lulẹ̀, pé ọgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò lásán ni.

Ohun tí àwọn tó ń pín in kì í sábà sọ ni pé ìwádìí kan náà ni ìhà méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìdánwò "ọmọ tó sọnù nínú mọ́ọ̀lù" ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa èrò àti ìwà èèyàn, Elizabeth Loftus àti Jacqueline Pickrell, ló gbé e jáde lọ́dún 1995, ní Yunifásítì Washington nílùú Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ká tó lè mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Kí ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde?

Lọ́dún 2023, Gillian Murphy ní University College Cork, ní ilẹ̀ Ireland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn 24 péré ló kópa nínú ti àkọ́kọ́. Àwọn kó 123 jọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọn èsì náà sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n yí òṣùwọ̀n padà nígbà tí èsì jáde. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí ẹni tó rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò ti 1995. Nínú ti Ireland, ó di ìdá 35.

Àwọn tó gba ti Loftus ní ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn tó kópa sọ wà nílẹ̀ ní kíkọ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bernice Andrews àti Chris Brewin, àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú un, wọ́n kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé àyẹ̀wò tiwọn jáde lọ́dún 2024. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní ìrántí èké kò yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìhà kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ìwé tirẹ̀ sókè.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe ìdánwò náà?

Iṣẹ́ kíláàsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Loftus ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí wọ́n lè fi mú kí ẹnì kan rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Jim Coan, lọ dán an wò lára àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ó kọ ìtàn kékeré mẹ́rin fún ọmọ náà nípa ìgbà èwe rẹ̀. Mẹ́ta ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀kẹrin ni pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó sọnù nínú mọ́ọ̀lù kan ní Spokane, pé ó ń sunkún nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan mú un padà wá bá àwọn ẹbí rẹ̀. Jim ló jókòó hùmọ̀ ìyẹn. Ó wá ní kí àbúrò rẹ̀ máa kọ ohun tó bá rántí nípa ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ó kọ́kọ́ rántí bí ẹ̀rù ṣe bà á. Lẹ́yìn náà, ó ní bàbá tó rí òun wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù. Ó ní àárín orí bàbá náà pá, irun funfun sì yí i ká bí òṣùká, ó tún fi awò sójú. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí fún un. Nígbà tí wọ́n jẹ́wọ́ fún un níkẹyìn pé ọ̀kan nínú ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àtọwọ́dá, pé kó mú un jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló nàka sí.

Ìtàn ọmọ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìwádìí. Ìwádìí gan-an ni èèyàn 24 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 53. Mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan wọn, òbí tàbí ẹ̀gbọ́n, ló fún àwọn olùwádìí ní ìtàn òótọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú orúkọ mọ́ọ̀lù tí ìdílé náà máa ń lọ nígbà náà. Wọ́n wá fi ìtàn ìsọnù kún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn náà lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì.

Èèyàn mẹ́fà nínú 24 ló ní àwọn rántí ìsọnù náà, yálà lódindi tàbí lápá kan. Ohun méjì tí àwọn tó ń pariwo ìwádìí yìí kì í mẹ́nu bà wà nínú èsì kan náà. Ọ̀rọ̀ 138 ni àwọn èèyàn náà ń lò, bí a bá pín in dọ́gba, láti fi ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí 50 ni wọ́n lò fún ti mọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n mú ìtàn àtọwọ́dá jáde, 19 nínú 24 ló mú un. Ó kù márùn-ún tó ṣì í mú.

Ṣé irọ́ ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń pa?

Rárá o. Òpùrọ́ mọ òótọ́, ó kàn gbé e pa mọ́ ni. Ẹni tí à ń sọ yìí gbà tọkàntọkàn pé ohun tó ń sọ ṣẹlẹ̀, ẹ kò sì lè rí i kà lójú rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń bò.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1932, Frederic Bartlett ní Cambridge kọ̀wé lórí bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tún ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn tí wọ́n kà á. Bí wọ́n ṣe ń tún un sọ ni ó ń fara jọ ìgbé ayé tiwọn: ọkọ̀ àjẹ̀ ibẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi lásán, ọdẹ ẹran inú òkun di ẹja pípa. Bartlett ní ìrántí kì í ṣe ohun tí a kó sí àpótí tí a kàn ń ṣí wò. Ńṣe ni à ń tún un mọ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó, bí ẹni ń tún ilé alámọ̀ rẹ́. Amọ̀ tó bá wà nítòsí lọ́jọ́ náà ni à ń fi rẹ́ ẹ.

Ìdánwò tí Loftus àti John Palmer ṣe lọ́dún 1974 fi bí amọ̀ tuntun ṣe ń wọlé hàn. Wọ́n fi fíìmù ìjàm̀bá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá bi wọ́n léèrè bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú ìbéèrè náà. Àwọn tí wọ́n bi pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ti tó nígbà tí wọ́n "kọ lu" ara wọn dáhùn máìlì 34 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pé nígbà tí wọ́n "rún ara wọn wómúwómú" dáhùn ohun tó lé díẹ̀ ní 40. Fíìmù kan náà ni o.

Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú 150 akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì pè wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: ṣé ẹ rí gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀? Kò sí gíláàsì kankan nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ "rún wómúwómú", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ "kọ lu", méje ni. Nínú 50 tí wọn kò bi ní ìbéèrè eré rárá, mẹ́fà ni. Èyí ni ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ bí wọ́n bá ní wọ́n fọ̀rọ̀ sí ẹnì kan lẹ́nu, àfi pé níbí, ọ̀rọ̀ náà kò dúró sẹ́nu.

Ibi tí ìrántí ti wá ni ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1992, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù kan já lu ilé gíga ní àdúgbò Bijlmer, nílùú Amsterdam. Kò sí ẹni tó ya ìgbà tó ń já lù ú sórí fíìmù, tẹlifíṣọ̀n kò sì gbé irú rẹ̀ jáde rí. Nígbà tó ṣe, Hans Crombag àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ará Netherlands bóyá wọ́n rí àwòrán ìgbà náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ti rí iná àti àwókù, wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ nílé, ọpọlọ sì ti fi gbogbo rẹ̀ ya àwòrán fún wọn.

Kí ni àwọn alátakò ń sọ?

Kò sí ẹni tó ń sọ pé ìrántí kì í ṣàṣìṣe. Brewin pẹ̀lú ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí ìrántí àwọn tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí. Ìbéèrè tí òun àti Andrews gbé kalẹ̀ ni pé: kí ni ẹ̀ ń pè ní ìrántí?

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Bí màmá rẹ bá ní nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, o sunkún tẹ̀lé òun dé ọjà, o lè dáhùn lọ́nà mẹ́ta. O lè ní, "Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìgbàgbọ́ nìyẹn. O lè ní, "Ó dà bíi pé mo ń rí ìsọ̀ kan báyìí, àbí ti ọjọ́ mìíràn ni?" Ọkàn rẹ ń wá a kiri nìyẹn. O sì lè ní, "Mo rántí! Ẹ ra àkàrà fún mi kí n tó dákẹ́." Andrews àti Brewin ní ìdánwò wọ̀nyí ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà kò dé ti ẹ̀kẹta.

Wọ́n tún ní nínú àwọn tí wọ́n kà ní Ireland, àwọn kan ti sọnù lóòótọ́ rí ní kékeré, lọ́jọ́ mìíràn tàbí níbòmíràn. Ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ kò wá rí láàárín èrò? Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń ròyìn ìbẹ̀rù àti ẹkún, ó lè jẹ́ ti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ló ń ròyìn. Àti pé díẹ̀ péré nínú ohun tí wọ́n gbìn sínú ìtàn náà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé.

Ìhà ti Loftus dáhùn pé kò sí ẹni tó ń rántí gbogbo ẹyọ ìtàn òótọ́ pàápàá, kí ló dé tí ìrántí èké yóò fi pé? Wọ́n ní bí ọmọ tó sọnù ní etíkun bá ń sọ lónìí pé inú mọ́ọ̀lù lòun ti sọnù, tí bàbá kan sì mú òun padà, ìrántí náà ti yí padà, ohun tí wọ́n sì ń sọ gan-an nìyẹn. Ohun mìíràn tó wà nínú ìwádìí Ireland náà ni pé wọ́n mú àwọn èèyàn ṣe bí ẹni tó ń dá ẹjọ́, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn tó kópa sọ. Púpọ̀ wọn gbà pé ohun náà ṣẹlẹ̀.

Iye tí ó ń jáde ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ẹni tó ń kà á. Lọ́dún 2015, Julia Shaw àti Stephen Porter ní Kánádà gbé ìwádìí jáde pé àwọn mú kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá rí. Ìròyìn náà yí ayé ká. Lọ́dún 2018, Kimberley Wade, Maryanne Garry àti Kathy Pezdek fi òṣùwọ̀n mìíràn tún àwọn ọ̀rọ̀ kan náà kà, ó sì já sí bí ìdá 26 sí 30. Alan Scoboria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ọ̀rọ̀ èèyàn 423 láti inú ìwádìí mẹ́jọ jọ lọ́dún 2017, wọ́n fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n: ìdá 30.4 ní ìrántí èké, ìdá 23 mìíràn gbà pé ó ṣẹlẹ̀ dé àyè kan. Nínú gbogbo iye tó wà nílẹ̀, èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mú iye kan dání mú, nítorí pé ó ya àwọn tó gbà gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó rántí.

Ìtàn náà pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Pezdek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èèyàn 20 wò lọ́dún 1997 pẹ̀lú ìtàn àtọwọ́dá méjì: ìsọnù nínú mọ́ọ̀lù, àti pé wọ́n fi omi fọ ìfun wọn láti ìdí (ẹ́nẹ́mà) nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Mẹ́ta gba ti mọ́ọ̀lù. Ẹyọ ẹnì kan kò gba ti èkejì.

Kí ló dé tí ìbínú fi pọ̀ tó báyìí nínú rẹ̀?

Nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jà lé. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìrántí pé òbí wọn ti fipá bá wọn lòpọ̀ ní kékeré. Ẹjọ́ kún kóòtù. Lọ́dún 1990, wọ́n dá George Franklin lẹ́bi ní California fún ìpànìyàn tó ti wáyé láti 1969, lórí ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ní ìrántí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí òun lọ́kàn. Loftus jẹ́rìí fún olùjẹ́jọ́. Lọ́dún 1995, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìdájọ́ náà. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí àwọn tó dá ẹjọ́ rí ìwé ìròyìn àtijọ́, níbi tí ẹlẹ́rìí ti lè ka àwọn nǹkan tó sọ.

Àwọn tó ń dúró ti àwọn tí wọ́n hùwà ìbàjẹ́ sí wo èyí pẹ̀lú ojú mìíràn, ẹ̀dùn ọkàn wọn sì ní ìdí. Ìfipábánilòpọ̀ ọmọdé ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò sì gbàgbé rí, wọ́n kàn rí i pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ni. Wọ́n ní ìdánwò lórí ìsọnù ọjọ́ kan kò tó ohun tí agbẹjọ́rò á fi máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ṣé ó dá a lójú. Loftus jẹ́rìí fún ìhà Harvey Weinstein, olùṣe fíìmù tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn, nílùú New York lọ́dún 2020, àti fún ti Ghislaine Maxwell, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó bá Jeffrey Epstein wá àwọn ọmọbìnrin fún ìbálòpọ̀, lọ́dún 2021. Wọ́n dá àwọn méjèèjì lẹ́bi síbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ fagi lé ti Weinstein lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrántí.

Ṣé ẹlẹ́rìí tó ní "ó ṣojú mi" kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́ ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa, nítorí kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbin odidi ìtàn sí ọ lọ́kàn kí o tó ṣi ojú mọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1984, ní Burlington, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ọkùnrin kan wọlé tọ Jennifer Thompson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22, ó sì fipá bá a lòpọ̀. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun máa wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, pé bí òun bá yè, òun máa mú un. Àwọn ọlọ́pàá kó àwòrán mẹ́fà síwájú rẹ̀. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó sì mú ti Ronald Cotton. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ mọ́ "mo rò pé òun nìyí". Lẹ́yìn náà, wọ́n to àwọn ọkùnrin sí iwájú rẹ̀, Cotton wà níbẹ̀, ó tún mú un, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó mú nínú àwòrán náà ni. Nígbà tó dé kóòtù, kò sí "mo rò pé" mọ́. Ó fọwọ́ sọ̀yà.

Wọ́n rán Cotton lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ lọ́dún 1987, wọ́n mú ẹni tó ṣe é gan-an wá síwájú Thompson. Ó ní òun kò rí i rí. Lọ́dún 1995, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Cotton kọ́ ló ṣe é. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá àbọ̀. Òun àti Thompson padà di ọ̀rẹ́, wọ́n sì jọ ń káàkiri láti sọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú èèyàn 375 tí DNA ti yọ kúrò nínú ẹ̀bi ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Innocence Project ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹlẹ́rìí ṣì mú. Aláwọ̀ funfun ni Thompson, aláwọ̀ dúdú ni Cotton. Ìwádìí sì ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé ojú ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà tiwa máa ń ṣòro fún wa láti dá mọ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní London àti Houston kò lè fi èyí ṣe ìtàn àtẹ̀yìnwá.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ Cotton ti bàjẹ́? Gary Wells àti Amy Bradfield dáhùn apá kan lọ́dún 1998. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn mú ẹnì kan láàárín àwòrán tí ọ̀daràn tòótọ́ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé, "Ó dáa, ẹni tí à ń wá gan-an lẹ mú." Gbólóhùn yìí nìkan mú kí wọ́n máa sọ lẹ́yìn náà pé ó ti dá wọn lójú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n rí ọ̀daràn náà kedere.

Nítorí náà ni John Wixted àti Wells, tí wọn kì í sábà fẹnu kò, fi jọ kọ̀wé lọ́dún 2017 pé bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe tọ́, tí ẹni tó ń to àwòrán kò mọ ẹni tí wọ́n fura sí, ìdánilójú ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣeé gbára lé dáadáa. Ti kóòtù, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ni kò ṣeé gbé lórí òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá wo ti Cotton pẹ̀lú ojú yìí, ìrántí Thompson ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ kìíní: kò dá a lójú.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ní ìlànà tiwọn lórí èyí. Ìdájọ́ Turnbull, tó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976, ní kí adájọ́ béèrè bó ṣe pẹ́ tó tí ẹlẹ́rìí fi rí ẹni náà, bó ṣe jìnnà tó, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ti mọ̀ ọ́n rí, àti iye ọjọ́ tó kọjá kó tó nàka sí i. Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà máa ń tọ́ka sí i nínú ẹjọ́ adigunjalè.

Kí ni ẹ̀rọ AI wá ń ṣe nínú rẹ̀?

Lọ́dún 2002, Kimberley Wade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé àwòrán ìgbà èwe àwọn èèyàn 20, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bàlúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn fò. Lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mẹta, ìdajì wọn ní àwọn rántí ìrìn àjò náà, lódindi tàbí lápá kan. Nígbà náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló lè ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọmọdé lè fi fóònù ṣe é kí omi tó hó.

Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, tí Loftus wà láàárín wọn, fi fídíò ìdigunjalè kan han èèyàn 200. Wọ́n ní kí àwọn kan dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù, kí àwọn mìíràn bá ẹ̀rọ AI sọ̀rọ̀, irú èyí tó ń fèsì bí èèyàn, wọn kò sì bi àwọn kan ní nǹkan kan. Àwọn ìbéèrè kan ní irọ́ nínú, bíi pé mọ́tò ni àwọn olè náà gbé wá. Bí ẹnì kan bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà á ní ó káre, á sì tún fi kún un. Àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ní ìrántí èké tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí wọn kò bi ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò dín, ó sì ṣì dá wọn lójú.